Mùsíọ́ọ̀mù nínú ètò NAICS: ohun táwọn èèyàn máa ń béèrè

Nọ́ńbà mẹ́fà ni, kóòdù tí wọ́n fi mọ mùsíọ́ọ̀mù nínú NAICS, ètò tó ń pín iṣẹ́ ajé sí ìsọ̀rí: 712110. Kò sí ẹni tó ń darí mùsíọ́ọ̀mù ní Amẹ́ríkà tí kò ní pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kan, yálà lórí ìwé tí Census Bureau, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka èèyàn àti iṣẹ́ ajé, fi ránṣẹ́, tàbí nígbà tó bá ń forúkọ sílẹ̀ láti bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn mùsíọ́ọ̀mù kéékèèké tọ́jú ìwé wọn. Ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu akápò, lẹ́nu olùtọ́jú àkójọ, lẹ́nu ọmọ ìgbìmọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo kó wọn jọ síbí pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn. Ètò NAICS ti ọdún 2022, bí Amẹ́ríkà ṣe ń lò ó, ni mo gbé e kà. Níbi tí mo bá ti mẹ́nu ba ètò mìíràn, mo máa sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ni NAICS gan-an?

Ètò tí Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò jọ ń lò láti pín gbogbo iṣẹ́ ajé sí ìsọ̀rí ni. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni North American Industry Classification System. Ọdún 1997 ni Amẹ́ríkà gbà á wọlé láti fi rọ́pò ètò SIC tí wọ́n ti ń lò bọ̀ láti àwọn ọdún 1930. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n máa ń tún un yẹ̀ wò. Ẹ̀ka ńlá 20 ló wà nínú rẹ̀, láti oko ríro títí dé iṣẹ́ ìjọba.

Kíkà àti ìṣirò ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ìjọba fẹ́ mọ iye ibi iṣẹ́ tó wà, iye òṣìṣẹ́ tó ń gbowó níbẹ̀, àti iye owó tó ń wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé kóòdù yìí kì í ṣe ìwé àṣẹ, kì í sì í ṣe oyè. Kò sí ilé tí 712110 sọ di mùsíọ́ọ̀mù tó kúnjú òṣùwọ̀n, kò sì sí èyí tí àìní rẹ̀ sọ di ayédèrú. Ohun tó ń sọ ò ju pé: iṣẹ́ báyìí ni wọ́n ń ṣe jù níbí.

Kí ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń sọ?

Láti apá òsì ni wọ́n ti ń kà á, bí ẹni tó ti ẹnu géètì ń wọ inú yàrá. 71 ni ẹ̀ka ńlá: iṣẹ́ ọnà, eré ìdárayá àti ìgbafẹ́. 712 ni ìdílé tiwa nínú ẹ̀ka náà, ìyẹn mùsíọ́ọ̀mù, ibi ìtàn àti àwọn ibi tó jọ wọ́n. 7121 ò fi nǹkan kan kún un, torí agbo kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ 712. Tó bá di 71211, a ti dé ọ̀dọ̀ mùsíọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fẹnu kò. Nọ́ńbà kẹfà wá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Òdo tí Amẹ́ríkà fi síbẹ̀ túmọ̀ sí pé wọn ò tún pín in sí wẹ́wẹ́ mọ́.

712110 ní ọmọ ìyá mẹ́ta: 712120 fún ibi ìtàn, 712130 fún ọgbà ẹranko àti ọgbà ewéko, 712190 fún ibi àdánidá bí igbó tí wọ́n dá sí, ihò àpáta àti ìṣàn omi tó ń já láti orí òkè. Inú agbo mẹ́rin yìí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti máa ń ṣẹlẹ̀.

Irú ibi wo ni 712110 ń kó mọ́ra?

Ibi tí olórí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú àti ṣíṣàfihàn àwọn nǹkan tó níye lórí nítorí ìtàn, àṣà tàbí ẹ̀kọ́. Agbo náà gbòòrò ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀, ti ìtàn, ti sáyẹ́ǹsì, ti ogun, ti ọ̀rọ̀ òkun. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi àwòrán ìràwọ̀ hàn lórí òrùlé wà níbẹ̀. Ilé ère ìda wà níbẹ̀. Àwọn gbọ̀ngàn ìyìn tí wọ́n kọ́ fún àwọn àgbà eléré ìdárayá náà wà níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣí fún àwọn agbábọ́ọ̀lù baseball ní Cooperstown ní ọdún 1939. Ilé ìwòràwọ̀ tí àwọn èèyàn ń wọ̀ láti wo ojú ọ̀run wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bí kì í bá ṣáà ti ṣe ti ìwádìí. Bó bá jẹ́ ti ìwádìí, ó ti bọ́ sọ́dọ̀ àwọn onísáyẹ́ǹsì.

Ẹ kíyè sí i pé ètò náà ò béèrè bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n tàbí ó gbówó lórí. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ilé kékeré tó kó àwọn irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìlú kan jọ wà ní ipò kan náà pẹ̀lú ilé ńlá tí àwòrán olókìkí kún inú rẹ̀.

Ilé ẹni ńlá kan tó ti kú la ń tọ́jú, àwọn ohun èlò rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ṣé mùsíọ́ọ̀mù ni wá tàbí ibi ìtàn?

Nínú gbogbo ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí, èyí ló máa ń gba àkókò jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

712120 wà fún ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ilẹ̀, ilé, odi ológun tàbí àdúgbò kan tó ń sọ ìtàn ìṣẹ̀lẹ̀ tàbí ti èèyàn. Pápá ogun wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń hú ohun àtijọ́ jáde nínú ilẹ̀ wà níbẹ̀, abúlé tí wọ́n tọ́jú bó ṣe rí láyé àwọn atẹ̀lúdó náà wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi onítàn pàápàá wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Pákó àtẹ̀gùn ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Wọ́n ta okùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá kan kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé. Ẹ̀yin dúró síta, ẹ na ọrùn wọlé: ibùsùn tí wọ́n tẹ́, àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ̀pá fìtílà lórí tábìlì kékeré. Ọ̀pá fìtílà náà lè má jẹ́ ti onílé rí. Wọ́n gbé e síbẹ̀ kí yàrá lè rí bó ṣe rí láyé ọjọ́un ni. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n bi ara wọn ni pé: bí a bá kó gbogbo ohun inú ilé yìí kúrò lónìí, ṣé àlejò á ṣì wá? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ilé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá wò, 712120 ni. Ká wá ní a kó àwọn ohun náà lọ sínú ilé tuntun kan lápá kejì ìlú, tí àlejò sì ń tẹ̀ lé wọn lọ síbẹ̀ ńkọ́? Àwọn nǹkan ni wọ́n ń wò nìyẹn, 712110 ni. Èmi ni mo gbé ìdánwò yìí kalẹ̀, ẹ ò ní bá a nínú ìwé ìlànà. Àmọ́ ó bá ìtumọ̀ tó wà níbẹ̀ mu.

Orúkọ lè ṣini lọ́nà níbí. Wọ́n ń pe ọkọ̀ ogun USS Midway tó gúnlẹ̀ sí San Diego ní mùsíọ́ọ̀mù. Síbẹ̀ ọkọ̀ náà gan-an ni ohun àfihàn, ìtumọ̀ 712120 sì dárúkọ ọkọ̀ onítàn láìfi bò. Mount Vernon, ilé George Washington, ní yàrá àfihàn òde òní nínú ọgbà rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé náà ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Mount Vernon Ladies' Association torí ẹ̀ dá owó jọ ní àwọn ọdún 1850 láti rà á. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni NAICS ń wò.

Ọgbà ẹranko, ilé ẹja, ọgbà ewéko: ṣé mùsíọ́ọ̀mù ni wọ́n?

Nínú NAICS, rárá. 712130 ni tiwọn. Ohun tó ya àwọn méjèèjì ni ẹ̀mí: ohun abẹ̀mí tí wọ́n ń bọ́, tí wọ́n ń bomi rin, yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń tọ́jú sínú gíláàsì.

Ibì kan tí ìyàtọ̀ yìí ti hàn gbangba ni ilé àkójọ ewé gbígbẹ, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní herbarium. Ewé kan wà tí wọ́n tẹ̀ títí ó fi rí pẹlẹbẹ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pépà líle, àwọ̀ ewé rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ tín-ín-rín nà sísàlẹ̀ bí okùn. Ní igun ìsàlẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ tí wọ́n já a, àti ẹni tó já a. 712110 ni ilé tó ń tọ́jú ìwé ewé bẹ́ẹ̀. Bí irúgbìn kan náà bá wà nínú ilẹ̀ lóde, tí òjò ń pa á, tí àlejò ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọgbà tó wà yẹn 712130 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kìnnìún tí wọ́n kan egungun rẹ̀ pọ̀ sínú mùsíọ́ọ̀mù ṣe yàtọ̀ sí èyí tó ń ké nínú ọgbà ẹranko.

Kì í ṣe gbogbo òfin ló ń rí i báyìí o. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún mùsíọ́ọ̀mù àti láìbìrì ní owó ìrànwọ́, ìyẹn IMLS tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, gbà pé ọgbà ẹranko, ilé ẹja, ọgbà ewéko àti ilé ìtàn wà lára ohun tí mùsíọ́ọ̀mù lè jẹ́. Nítorí náà, ọgbà ẹranko kan lè kọ 712130 lórí fọ́ọ̀mù kan láàárọ̀, kó sì béèrè owó gẹ́gẹ́ bíi mùsíọ́ọ̀mù lọ́sàn-án. Kò sí irọ́ nínú ọ̀kankan. Ètò kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń wá.

Orúkọ wa ní «gallery» nínú. Kóòdù wo ni ká kọ?

Ẹ bi ara yín bóyá ẹ ń ta iṣẹ́ ọnà. Gálárì tí wọ́n ń gbé àwòrán kọ́ ògiri kí èèyàn lè rà á wà nínú ẹ̀ka ìtajà, 459920, pẹ̀lú àwọn oníṣòwò iṣẹ́ ọnà. Gálárì tó ń fi àkójọ rẹ̀ han èèyàn láìtà á, mùsíọ́ọ̀mù ni, 712110. Ìwé ìlànà fúnra rẹ̀ ya àwọn tó ń tà sọ́tọ̀ kúrò nínú 712110.

Mo ti rí ibi tí èyí ti dá wàhálà sílẹ̀. Gálárì kékeré kan wà tí mo bá tún ìwé rẹ̀ tò. Kò ta àwòrán kan rí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń wọlé, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù nínú àlejò wọn. Ẹni tó kọ́kọ́ kún fọ́ọ̀mù fún wọn rí «gallery» nínú orúkọ, ó yára wá «art» lórí àtòkọ, ó sì mú kóòdù àwọn oníṣòwò. Ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń dáhùn ìwé ìbéèrè tó ń béèrè iye ọjà tó wà lórí igbá. Obìnrin tó jẹ́ akápò wọn ń kọ òdo sí gbogbo àyè. Ó fi ìwé náà hàn mí, òdo tò sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, inú mi ò sì dùn rárá. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ yẹn ò sí níbì kankan lórí ìwé náà. Lẹ́yìn tí a kọ lẹ́tà àlàyé ránṣẹ́, wọ́n yí i padà.

Ìjọba ìlú ló ni mùsíọ́ọ̀mù wa. Ṣé kì í ṣe kóòdù iṣẹ́ ìjọba ló yẹ wá?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka 92 wà fún iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìjọba nìkan ló ń ṣe é: ṣíṣe òfin, gbígba owó orí, ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́. Iṣẹ́ tí ẹlòmíràn náà lè ṣe, tí ìjọba kàn ń ṣe bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é, kóòdù iṣẹ́ náà ló máa gbà. Mùsíọ́ọ̀mù ìlú, ti ìpínlẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀, 712110 ni gbogbo wọn.

Àwọn tó ń ka iye òṣìṣẹ́ ní Bureau of Labor Statistics fẹ́ mọ ẹni tó ni ibi iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà mìíràn ni wọ́n fi ń kọ ìyẹn: 1 fún ìjọba àpapọ̀, 2 fún ìpínlẹ̀, 3 fún ìjọba ìbílẹ̀, 5 fún aládàáni. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ín ń gbé, kò sí nínú 712110.

Ẹni tó bá máa lo iye tí ìjọba tẹ̀ jáde gbọ́dọ̀ mọ èyí dáadáa. Economic Census, ìyẹn kíkà iṣẹ́ ajé tí wọ́n ń ṣe ní ọdún tó bá parí sí 2 àti 7, kì í sábà ka ibi tí ìjọba ni. Ẹni tó bá mú iye mùsíọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀, tó sì sọ pé gbogbo mùsíọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà nìyí, ti gbàgbé àwọn tí ìlú àti ìpínlẹ̀ ń tọ́jú. Mo ti ka ìròyìn tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí pé àwọn mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n gbàgbé yẹn ló máa ń wà ní ìlú tí kò sí olówó tó lè dá mùsíọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Ṣé dandan ni kí mùsíọ́ọ̀mù máà wá èrè kó tó lè gba 712110?

NAICS ò béèrè ìyẹn rárá. Ilé ère ìda tó ń pa èrè àti mùsíọ́ọ̀mù ìtàn tí àwọn olùyọ̀ǹda ń darí wà nínú agbo kan. Census Bureau máa ń ya àwọn tó ń san owó orí àti àwọn tí òfin yọ̀ǹda fún sọ́tọ̀ nínú àtẹ rẹ̀, àmọ́ kóòdù kan náà ni.

Ibí ni NAICS ti yàtọ̀ jù sí ohun táwọn oníṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù fúnra wọn gbà. Ìtumọ̀ tí ICOM, àjọ àgbáyé ti àwọn mùsíọ́ọ̀mù, fọwọ́ sí ní Prague ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé mùsíọ́ọ̀mù jẹ́ ibi tí kò wá èrè, tó dúró títí, tó wà fún ìlò àwùjọ. Ìwádìí àti ìtumọ̀ ohun àjogúnbá wà nínú rẹ̀, títí kan ohun tí a ò lè fọwọ́ kàn. NAICS ò dé gbogbo ibẹ̀. Mo rò pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ ICOM ń sọ ohun tó yẹ kí mùsíọ́ọ̀mù jẹ́, NAICS ń ka ohun tó wà nílẹ̀.

A ní ṣọ́ọ̀bù, a ní ilé oúnjẹ, a sì ń fi gbọ̀ngàn wa háyà fún ìgbéyàwó. Kóòdù mélòó ni ká ní?

Ibi iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni NAICS ń wò, kì í ṣe àjọ tó ni ín. Ibi iṣẹ́ níbí túmọ̀ sí ojúkò kan tí iṣẹ́ ti ń lọ. Bí ṣọ́ọ̀bù bá wà nínú ilé mùsíọ́ọ̀mù, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ mùsíọ́ọ̀mù ló ń tajà níbẹ̀, tí ìwé owó rẹ̀ sì wà pọ̀ mọ́ ti ilé, ara mùsíọ́ọ̀mù ni. Kóòdù kan náà kárí i. Bí ẹ bá lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bùn síbòmíràn, tí ó ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ àti ìwé owó tirẹ̀, ibi iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, 459420 ló sì máa gbà. Ilé oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ mìíràn ń darí nínú ọgbà yín jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọ̀hún, nínú ẹ̀ka oúnjẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri kan ló ya yín.

Smithsonian jẹ́ àpẹẹrẹ tó dáa. Àjọ kan ni, ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1846. Ó ní mùsíọ́ọ̀mù tó pọ̀, ó sì ní ọgbà ẹranko. Tí a bá fi ìlànà NAICS wò ó, àwọn mùsíọ́ọ̀mù rẹ̀ á bọ́ sí 712110, ọgbà ẹranko rẹ̀ á bọ́ sí 712130. Orúkọ tó so wọ́n pọ̀ ò ní kí kóòdù wọn jẹ́ ọ̀kan.

Mùsíọ́ọ̀mù wa wà nínú yunifásítì ńkọ́?

Bó bá ní ilé tirẹ̀ àti ìwé owó tirẹ̀ tó ṣeé yà sọ́tọ̀, 712110. Bó bá jẹ́ yàrá méjì tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ń tọ́jú, tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń ṣí fún akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ rẹ̀ á wọ inú iye yunifásítì, 611310.

Láìbìrì àti ilé àkójọ ìwé àtijọ́?

Wọn ò sí nínú 712. Ẹ̀ka ìròyìn àti ìmọ̀ ni wọ́n wà, 519210. Kí ètò 2022 tó dé, 519120 ni. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà àtijọ́ yìí nínú fáìlì yín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi kó mùsíọ́ọ̀mù pọ̀ mọ́ eré àti ìgbafẹ́ dípò ẹ̀kọ́?

Àwọn olùtọ́jú àkójọ máa ń béèrè èyí pẹ̀lú ìrora díẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Èèyàn tó fi ogún ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo aṣọ tó ti gbó kò ní fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ ara ibi tí wọ́n ti ń gun kẹ̀kẹ́ òfuurufú, ẹ̀rọ ìgbafẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn lọ sókè sódò.

Ìdí rẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ ṣe ń wáyé ni NAICS fi ń pín nǹkan: irú òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń lò, irú ilé, irú ohun èlò, bí àlejò ṣe ń wọlé tó sì ń jáde. Ilé ẹ̀kọ́ ń forúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, ó ń kọ́ wọn ní ìpele ìpele, ó ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Mùsíọ́ọ̀mù ń ṣílẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni á wọlé, á wo ohun tó wù ú, á sì jáde. Ẹ̀kọ́ ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ètò náà ò sẹ́ ẹ; ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ wà nínú ìtumọ̀ 712110 gan-an. Ọ̀nà tí ẹ̀kọ́ yẹn fi ń wáyé ló gbé e sínú 71. Ọgbà ìgbafẹ́ tó ní kẹ̀kẹ́ òfuurufú sì wà ní 713, ìdílé mìíràn ni.

Ta ló ń fún wa ní kóòdù?

Kò sí ọ́fíìsì kan tó ń pín kóòdù NAICS fún gbogbo ayé. Ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù ló sábà ń yan tirẹ̀. Census Bureau ní kóòdù kan ṣoṣo tó kọ sí ibi iṣẹ́ yín nínú ìwé tirẹ̀, èyí tó mú láti inú ìdáhùn yín àti àkọsílẹ̀ ìjọba mìíràn. Lórí SAM.gov, tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀ láti bá ìjọba àpapọ̀ ṣòwò, ẹ lè kọ ju ọ̀kan lọ, ẹ ó sì sọ èyí tó jẹ́ olórí. Ìdí nìyí tí mùsíọ́ọ̀mù kan fi lè ní kóòdù tó yàtọ̀ síra lọ́wọ́ ọ́fíìsì méjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ kó gbogbo fọ́ọ̀mù yín sórí tábìlì kan, kí ẹ wò bóyá wọ́n bára mu. Wákàtí kan ò ní pé lọ lórí rẹ̀.

712100 ni mo rí lórí àtòkọ ẹ̀ka owó orí. Ṣé àṣìṣe ni?

Kì í ṣe àṣìṣe. IRS, àjọ tó ń gba owó orí ìjọba àpapọ̀, mú kóòdù tirẹ̀ láti ara NAICS, àmọ́ ó ká a kúrú. 712100 kó mùsíọ́ọ̀mù, ibi ìtàn àti àwọn ará wọn pọ̀ sí ojú kan. Ohun tó wà lórí àtòkọ fọ́ọ̀mù ni kí ẹ kọ síbẹ̀.

Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ NTEE, ètò ìsọ̀rí mìíràn tí kóòdù rẹ̀ ní lẹ́tà níwájú. Ìyẹn wà fún àwọn àjọ tí kò wá èrè nìkan. A50 ni mùsíọ́ọ̀mù lápapọ̀, A51 ti iṣẹ́ ọnà, A52 ti àwọn ọmọdé, A54 ti ìtàn, A56 ti ohun àdánidá, A57 ti sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ rí i pé ó pín mùsíọ́ọ̀mù sí wẹ́wẹ́ ju NAICS ti Amẹ́ríkà lọ. Olùwádìí tó bá fẹ́ mọ̀ nípa mùsíọ́ọ̀mù àwọn ọmọdé nìkan ò ní rí wọn lọ́tọ̀ nínú 712110, NTEE ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í wò.

Báwo ni Kánádà àti Mẹ́síkò ṣe lo nọ́ńbà kẹfà tiwọn?

Kánádà fi ohun tó wà nínú ilé pín in: 712111 fún mùsíọ́ọ̀mù àti gálárì iṣẹ́ ọnà tí kì í tajà, 712115 fún ti ìtàn àti sáyẹ́ǹsì, 712119 fún ìyókù. Mẹ́síkò fi ẹni tó ni ín pín in: 712111 fún ti aládàáni, 712112 fún ti ìjọba. Nítorí náà 712111 ní Toronto àti 712111 ní Mexico City kì í ṣe ohun kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra gbọ́dọ̀ dúró sórí nọ́ńbà márùn-ún àkọ́kọ́.

Ìyókù ayé ńkọ́?

Ètò tí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ṣe, ISIC, ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ṣe ìpìlẹ̀. Nínú àtúnṣe kẹrin rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008, mùsíọ́ọ̀mù àti ibi ìtàn wà nínú 9102 pọ̀. Ilé ẹni ńlá tí a jiyàn lé lórí lẹ́ẹ̀kan ò ní ìṣòro kankan níbẹ̀. Láìbìrì àti ilé àkójọ ìwé náà wà nítòsí, ní 9101, nínú agbo kan náà. Ilẹ̀ Yúróòpù fa ISIC ya díẹ̀ sí i: nínú NACE, ètò tiwọn, àtúnṣe kejì, 91.02 ni mùsíọ́ọ̀mù, 91.03 ni ibi ìtàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, ó fi òdo kan kún un, 91020. Ọsirélíà àti New Zealand ń lo 8910.

Mo rí 8412 nínú ìwé àtijọ́ wa. Kí ni?

Kóòdù SIC ti ọdún 1987 ni. Ó kó mùsíọ́ọ̀mù, gálárì tí kì í tajà àti ibi ìtàn pọ̀. Nígbà tí NAICS dé, ó pín in sí 712110 àti 712120. Bí ẹ bá ń fi iye àwọn ọdún kí 1997 tó dé wé ti ìsinsìnyí, ẹ ní láti ro 712110 àti 712120 pọ̀ kí ìṣirò tó jọra. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa dà bíi pé mùsíọ́ọ̀mù dín kù lójijì.

Mùsíọ́ọ̀mù wa ò ní ilé. Inú ọkọ̀ ńlá kan ló wà, a ń gbé e kiri ilé ẹ̀kọ́. Ṣé ibì kankan wà fún wa?

Ó wà. Àtòkọ tó wà lábẹ́ 712110 dárúkọ mùsíọ́ọ̀mù alágbèéká, ó sì tún dárúkọ àfihàn tó ń rìnrìn àjò. Ẹ kọ 712110 sílẹ̀, kí ẹ sì fi àdírẹ́sì ibi tí ọkọ̀ náà ń sùn lálẹ́ ṣe àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ yín.